Ọjọ́ Tí Mo Sọ Pé N Kò Rántí

Nínú ìjọ wa ní Iléṣà, èmi ni wọ́n máa ń wá tí ọjọ́ ìrántí àwọn tó ti sùn nínú Olúwa bá ń sún mọ́lé. Òṣogbo ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà láti ìgbà èwe mi, ṣùgbọ́n akọ̀wé ìjọ á pè mí lórí fóònù, á ní, "Bàbá, ẹ máa pè é, kí n máa kọ ọ́." Èmi á wá máa ka orúkọ wọn látorí àwọn tó ru bíríkì ilé ìjọsìn àkọ́kọ́ títí dé orí ẹni tó kú lánàá. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Orúkọ ènìyàn ni Ọlọ́run fi dí èyí tó kù fún mi. Bí mo bá gbọ́ orúkọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé nìyẹn, tòun ti orúkọ bàbá ẹni náà àti àdúgbò rẹ̀. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá wọn, ẹ rántí orúkọ ẹni tó ra àga lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ ṣì ń kọ́ṣẹ́, ẹ ò wá rántí pé mo ní kí ẹ ra iyọ̀ bọ̀."

Ìyàwó mi náà ti wọ inú àwọn tí màá pè. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ló lọ. Ẹnu mi kò tíì gbà á dáadáa. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, n kò sì ní kọ ti ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ àbígbẹ̀yìn wa ni mo fẹ́ sọ. Obìnrin ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, ó sì gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Dàda Estate. Láti kékeré ni ìṣirò ti máa ń dùn mọ́ ọn. Nígbà tó wà ní polí, mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Iléṣà tó ti ṣaláìsí. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, ìyẹn sì ti ṣe ìdánwò àṣejáde girama títí ó fi sú u. Gbogbo iṣẹ́ ló ń yege, àfi ìṣirò. Ìyá rẹ̀ wá sunkún sí mi lẹ́sẹ̀. Mo wá pe ọmọ mi sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí a máa ń to pákó sí, mo ní, "Ìwọ lọ bá a jókòó ṣe ìyẹn. Ojú yín jọra. Ẹbí ni, a kì í jẹ́ kí ọmọ òkú ó rìn ní ìhòòhò."

Ó ní, "Bàbá, tí wọ́n bá mú mi ńkọ́?"

Mo ní, "Ta ni yóò mú ọ? Èmi ni mo rán ọ."

Wọ́n mú un. Olùṣọ́ ìdánwò wo fọ́tò, ó wo ojú rẹ̀, ó sì ní kó dìde. Mo mọ orúkọ olùṣọ́ náà títí dòní. Ọmọ mi sun àtìmọ́lé ní Iléṣà, ó sì dé iwájú adájọ́. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè pé ta ló rán an, ó ní òun fúnra òun ni. Adájọ́ ṣàánú ìgbà èwe rẹ̀, ó ní kó máa wá gbá ọgbà kóòtù fún sáà kan, kó sì máa lọ ní àlàáfíà lẹ́yìn ìyẹn.

Gbogbo ìgbà yẹn, èmi kò yọjú sí kóòtù. Ìyàwó mi ló ń lọ, tó ń bọ̀. Mo ní tí àwọn ọlọ́pàá bá rí mi, wọ́n á bi mí ní ìbéèrè. Ìyàwó mi wò mí. Òun ló wá wá ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ará àdúgbò: pé ara ìyá mi ò yá, ọmọ náà sì wà ní Iléṣà tó ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn ènìyàn sì ń kí wa pé a kú orí ire ọmọ.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo lọ. Mo ra búrẹ́dì, mo dúró ní òdìkejì títì lábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tó ń ta táyà. Mo ń wo ọmọ mi bó ṣe tẹ̀ba tó ń gbálẹ̀, ó fi gèlè pupa ìyá rẹ̀ wé orí. Mo ní màá sọdá tí mọ́tò yìí bá kọjá. Ó kọjá. Mo ní tí èyí bá kọjá. Nígbà tó yá mo wọ mọ́tò padà sí Òṣogbo. A kò sọ̀rọ̀ náà mọ́ nínú ilé wa.

Ọdún gorí ọdún. Lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ̀ tán, ó wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní òun ń wá iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kan, àti pé kí wọ́n tó gba ènìyàn síbẹ̀, wọ́n á yẹ ayé rẹ̀ wò látòkè délẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, wọ́n bi mí bóyá ọlọ́pàá ti mú mi rí."

"Kí lo fẹ́ sọ?"

"Bó ṣe rí ni."

Mo ń fi yànrìn-oníwèé ha ẹsẹ̀ àga kan lọ́wọ́. Mo dá a dúró. "Èyí tí ìyá rẹ ti rì mọ́lẹ̀? Ta ló máa mọ̀?"

"Ìwé kóòtù mọ̀."

"Ìwé kóòtù wo? Eku Ìjẹ̀ṣà ti fi tẹ́ ìtẹ́ ọmọ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, ẹni tó ṣàṣìṣe rí, tó sì jẹ́wọ́, wọ́n lè gbójú fò ó. Ẹni tó bá parọ́ fún wọn, tiẹ̀ ti tán nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ jáde ni wọ́n máa gbé lé mi lọ́wọ́. Tí mo bá ní nǹkan tí mò ń bò, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n lè fi dẹ́rù bà mí, kó ní kí n ṣe ohun tí kò yẹ."

Mo ní, "Lọ rò ó dáadáa." Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kó má kọ ọ́. Mo rò pé ó gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé.

Ní àkókò yẹn kan náà, tíṣà kan láti Ẹdẹ ti ń wá kí i. Ara gbogbo wa ti wà lọ́nà. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa: kí ìdílé tó wá tọrọ ọmọ, wọ́n á kọ́kọ́ rán ẹni tí a kò mọ̀ rí wá sí àdúgbò. Onítọ̀hún á ṣe bí ẹni ń ra nǹkan, á máa bi aládùúgbò léèrè. Ṣé wọn kì í jà nínú ilé yẹn? Ṣé kò sí wèrè níbẹ̀? Ṣé ọmọbìnrin náà ń bọ̀wọ̀ fágbà? Iṣẹ́ aládùúgbò sì ni láti tún orúkọ ọmọ ṣe. Kò sí ẹni tó ń ka ìyẹn sí irọ́.

Àlájà tó ń ta ike àti bútà ní iwájú ilé wa mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ọmọ bíbí Òṣogbo ni, ọ̀rẹ́ ìyàwó mi tòótọ́ ni. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó sáré sọdá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ìborùn rẹ̀ ń fò lẹ́yìn.

"Bàbá, wọ́n ti dé o! Àwọn ará Ẹdẹ ti rán ènìyàn!"

"Ibo ló wà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ onímọ́tò ìsàlẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ó ra bútà kan lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Mo ti fi ọmọ yẹn wé wúrà! Mo ní kò fọ́ àwo rí, kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ rí. Mo ní kò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń bínú."

"Ọmọ mi tó máa ń bú oníkẹ̀kẹ́?"

"Astagfirullah. Ọlọ́run á forí jì mí, ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ni. Ará Ìjẹ̀ṣà, tí iṣu ìdána bá dé, ẹ má gún gbogbo rẹ̀ níyán o. Ìpín tèmi wà níbẹ̀."

Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi dé. Ọ̀dọ́ ni, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà rẹ̀ ń dán. Bútà Àlájà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo ní kí wọ́n lọ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù wá, ó ní rárá, ó ṣeun. Ó bi mí nípa ọmọ mi, mo sì dáhùn bí bàbá ìyàwó ṣe ń dáhùn. Mo ní ọmọ mi mọ́ bí aṣọ àlà.

Ó gbọ́ mi tán. Ó wá yọ káàdì kan látinú àpò àyà rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí ná kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ."

Mo wọ awò ojú mi, mo ka káàdì náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo ka orúkọ rẹ̀, mo ka ti ọ́fíìsì rẹ̀. 

Mo ní, "Ìyẹn ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Bàbá. Èmi gan-an ṣì ń wá tèmi. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọmọ yín ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ mú un. Bó ṣe rí ni kí ẹ kàn sọ fún mi. Ṣé ọlọ́pàá mú un rí, tàbí ó dé kóòtù rí?"

Mo wo pákó tó wà níwájú mi. Mo ní, "Rárá."

Ó ní, "Ẹ rántí dáadáa, sà. Ìgbà tó wà ní polí. Ní Iléṣà."

Ọmọkùnrin yẹn ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó ti mọ̀. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni. Orúkọ adájọ́ wà ní ẹnu mi, ti ọlọ́pàá tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wà níbẹ̀, ti ọmọkùnrin kejì tí wọ́n jọ gbá ọgbà kóòtù wà níbẹ̀. Mo gbé gbogbo wọn mì.

Mo ní, "Ọmọ mi, ara ti di ara àgbà. N kò rántí nǹkan mọ́. Ìyá mi ló ń tọ́jú ní Iléṣà nígbà yẹn."

Irọ́ ìyàwó mi ni mo sọ fún un, ìyàwó mi tó wà nínú ilẹ̀.

Ọkùnrin náà fi káàdì rẹ̀ sápò. Ó dúpẹ́, ó gbé bútà rẹ̀, ó sì lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọmọ mi wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Aṣọ iṣẹ́ Àbẹ̀rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ sọ fún ọkùnrin tó wá síbí?"

Ẹ wo bí irọ́ ṣe ń bímọ. Èyí tó yá mi lẹ́nu ni mo sọ. Mo ní, "Háà! Ṣé kì í ṣe ará Ẹdẹ ni? Àlájà ló sáré wá pé wọ́n ti wá wádìí ìyàwó."

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, n kò sì lè sọ fún un pé kó dìde. "Ẹ̀yin àti Àlájà! Ẹ fẹ́ fi mí fún ìjọba ní aya!" Ó ti pẹ́ tí ilé yẹn ti gbọ́ ẹ̀rín. Ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó nu ojú rẹ̀. "Bàbá, gbogbo rẹ̀ ni mo kọ síbẹ̀. Wọ́n wá pè mí pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ mi àti ti ilé wa kò bára mu. Wọ́n ní bóyá nǹkan mìíràn ṣì wà tí a jọ ń bò. Ṣùgbọ́n kò burú. Lọ́jọ́ Ajé màá lọ sọ fún wọn pé bàbá mi kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín náà."

Ó kí mi, ó lọ. Mo wo àga náà. Àmì aṣọ rẹ̀ wà lára kíkùn. Ọmọ mi sọ òótọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èmi sì ti di irọ́ kan lẹ́rù fún un kó gbé lọ fún wọn, kò sì mọ̀ pé irọ́ ló gbé. Bí ìgbà ìdánwò yẹn gẹ́lẹ́. Èmi tún ni mo rán an.

Mo sọdá sọ́dọ̀ Àlájà. Ó ń to ike rẹ̀ wọlé. Bó ṣe rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yín ti sọ fún mi! Mo ta bútà fún ìjọba!"

Mo ní, "Àlájà, ó ti fi káàdì hàn mí kí n tó parọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ike. "Kí lẹ wí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo kà á tán. Mo sì parọ́ náà."

Ó wo ilẹ̀. "Bàbá, tèmi, àìmọ̀ ni. Tiyín yàtọ̀ o." Nígbà tó yá ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi ìbá ti lé yín jáde nílé. Ẹ lọ wọ bàtà yín. Ẹ dé ọ́fíìsì wọn kí ọjọ́ Ajé tó dé."

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ kejì. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní àárọ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu géètì bi mí pé ta ni mò ń wá. Mo pe orúkọ ọkùnrin náà, tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, bí mo ṣe kà á lára káàdì. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló jáde wá mú mi wọlé. Ó ní, "Bàbá, ẹ sì ní ẹ kì í rántí nǹkan mọ́."

Mo ní, "Ìyẹn ni mo bá wá."

Mo jókòó, mo sì sọ ọ́. Mo sọ ti ẹ̀yìn ilé níbi tí a ń to pákó sí, mo sọ ti àtìmọ́lé, mo dárúkọ adájọ́. Ó ń gbọ́, kò dá mi dúró. Nígbà tí mo ṣe tán, ó fọwọ́ ra ojú.

"Ọmọ yín kọ gbogbo èyí, sà. Ohun kan ló kù. A bi í pé ta ló rán an lọ ṣe ìdánwò náà. Ó ní ẹbí òun kan ni, àgbàlagbà ni, òun kò ní dárúkọ ẹni náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ há sí. Àwọn ọ̀gá ní ta ni ẹni náà, ṣé ó ṣì lè rán an níṣẹ́?"

 Láti ọdún yẹn wá, gbogbo òkú Iléṣà ni mo ń pè ní orúkọ. Orúkọ kan ṣoṣo tí ọmọ mi ń gbé kiri, tó kọ̀ tí kò sọ fún ọlọ́pàá, tí kò sọ fún adájọ́, tó sì fẹ́ tìtorí rẹ̀ pàdánù iṣẹ́, n kò pè é rí.

Mo ní, "Ẹ kọ ọ́. Èmi ni." Mo pe orúkọ mi fún un, èyí tí wọ́n fi rì mí bọmi àti ti bàbá mi. Ó kọ ọ́, ó ní kí n fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i.

Mo ní, "Ṣé wọ́n á gbà á báyìí?"

Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo ń pinnu, Bàbá. Màá kọ ọ́ bí ẹ ṣe wí i, àti pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá. Bí ẹ bá ti wí i lọ́jọ́ tí mo wá, ì bá rọrùn jù báyìí lọ."

Láti ibẹ̀ mo gba Dàda Estate lọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ó fi ti ibi iṣẹ́ dé. Mo sọ ti káàdì fún un, mo sọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Kò bú mi. Ǹ bá fẹ́ kó bú mi. Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ wọlé. Ẹ ò tíì jẹun."

Ìrẹsì ló gbé kalẹ̀. Kò jẹ nínú rẹ̀. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹ.

Ó ní, "Mo rí yín lọ́jọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ tí ẹ wá sí kóòtù. Ẹ dúró lọ́dọ̀ onítáyà. Ẹ fi búrẹ́dì sábẹ́ apá. Mo ti gbá apá tó kọjú sí títì tán kí ẹ tó dé. Mo tún un gbá, kí n lè máa wò yín. Mo ní ẹ máa sọdá."

Ṣíbí wà lọ́wọ́ mi.

"Búrẹ́dì yẹn, ta lẹ fún?"

Mo ní, "Mo jẹ ẹ́. Nínú mọ́tò."

Ó mi orí. Ó dìde, ó lọ bu omi wá fún mi.

Wọn kò tíì pè é. Tí mo bá béèrè lórí fóònù, á ní, "Kò tíì sí nǹkan, Bàbá." Tíṣà Ẹdẹ ṣì ń wá kí i, ọmọ mi ti sọ fún òun náà pé òun gbá ilẹ̀ kóòtù rí. Àga tó fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ pa lára wà ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà ní kí n tún un kùn, mo ní kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n mo ti ṣe òmíràn fún un. Èyí wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń dúró de fóònù.